Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ àti Arọ Tí Ó Gbọ́n: Ohun Tí Ìdíje Ṣẹ́ẹ̀sì Ọdún 1918 Lè Kọ́ Olùkọ́ Èdè

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Òwe yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò. Bí òbí kan bá fẹ́ rọ ọmọ rẹ̀ kí ó tètè múra ìdánwò sílẹ̀, ‘ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀’ ni yóò tẹnu mọ́. Awẹ́ gbólóhùn kúkúrú tí ó kẹ́yìn, èyí ni ‘tí ó bá gbọ́n’, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ gan-an ni agbára òwe náà wà. Arọ tí ó gbọ́ pé ogun ń bọ̀ ṣùgbọ́n tí kò gbọ́n, ibi tí ó jókòó sí ni ogun yóò bá a.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé-ẹ̀kọ́ gíga olùkọ́ni gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó gbà pé ẹni tí ó bá ti há ìwé sórí ti múra tán. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ ni ó sì gbà pé bí àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ bá ti kún, tí alábẹ̀wò sì ti buwọ́ lù ú, ẹ̀kọ́ ti yanjú. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìmúrasílẹ̀ láìsí òye kò tó, àti pé òye náà ni ó ń sọ ìmúrasílẹ̀ di ohun tí ó wúlò. Ibi tí a ó ti mú ẹ̀rí wá lè jọ ẹni tí ó bá ń retí ẹsẹ Ifá tàbí ìtàn àròsọ lójú: ìdí ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì ni, ní ìlú New York, ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1918.

Ọpọ́n Ayò àti Ọpọ́n Ṣẹ́ẹ̀sì

Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ọpọ́n ayò rí kò ní ṣe àjòjì sí ṣẹ́ẹ̀sì. Ayò ọlọ́pọ́n ní ojúlé 12 àti ọmọ ayò 48. Ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì ní ojúlé 64, ó sì ní ọmọ ayò 32, 16 funfun àti 16 dúdú. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọba kan, ayaba kan, bíṣọ́ọ̀bù méjì, ẹṣin méjì, ilé-ìṣọ́ méjì àti ọmọ-ogun mẹ́jọ. Funfun ni ó máa ń kọ́kọ́ ta, lẹ́yìn èyí dúdú yóò ta, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa ṣe é lọ. Ẹni tí ó bá há ọba ẹnì kejì mọ́ débi tí kò ti sí ibi tí yóò sá sí mọ́ ni ó borí.

Nídìí ayò, àwọn Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀ta àti ọ̀pẹ́. Ọ̀pẹ́ lè mọ òfin ayò dáadáa, ó lè ti rí bí àwọn ọ̀gá ṣe ń ta á, kí ó sì máa ta bí wọ́n ṣe ń ta á. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó jókòó tì í bá ta ohun tí kò rí rí, ọwọ́ rẹ̀ yóò dúró lórí ọpọ́n. Ọ̀ta kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀ta mọ ìdí tí ọmọ ayò fi ń lọ sí ojúlé kan dípò òmíràn. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ìdíje tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ṣàfihàn rẹ̀, àfi pé àwọn méjèèjì tí ó kópa níbẹ̀ ló jẹ́ ọ̀ta.

Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, àwọn ìta àkọ́kọ́ ni a ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn ni àwọn ọ̀mọ̀wé eré náà ti ń yẹ oríṣiríṣi ìbẹ̀rẹ̀ wò, tí wọ́n ń sọ wọ́n lórúkọ, tí wọ́n sì ń kọ wọ́n sínú ìwé. Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú wọn ni ìbẹ̀rẹ̀ Ruy López. Àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Sípéènì tí ó kọ ìwé lórí eré náà ní ọdún 1561 ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ ṣe é kọ́ sórí, òun ni ọ̀pọ̀ ẹni tí ń kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì máa ń sáré há kí wọ́n tó mọ ohunkóhun mìíràn.

Atayò Méjì

José Raúl Capablanca ni ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn méjì náà. Ìlú Havana ní ilẹ̀ Kúbà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1888. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, bí baba rẹ̀ ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, tí òun ń wò ó, ni ó fi mọ̀ ọ́n. Ẹnì kejì ni Frank Marshall, ọmọ bíbí ìlú New York, tí a bí ní ọdún 1877. Ìjà ni Marshall fẹ́ràn. Kì í bẹ̀rù láti yọ̀ǹda ọmọ ayò rẹ̀ kí ó lè rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ọba ẹnì kejì. Láti ọdún 1909 títí di 1936 ni ó fi jẹ́ aṣíwájú ilẹ̀ Amẹ́ríkà nínú eré náà.

Ní ọdún 1909 yìí kan náà ni àwọn méjèèjì kọ́kọ́ fojú rinjú nínú ìfigagbága gígùn kan. Capablanca borí nígbà mẹ́jọ, Marshall borí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì ta ọ̀mì nígbà mẹ́rìnlá. Ìjákulẹ̀ ńlá ni èyí jẹ́ fún Marshall, nítorí pé ọmọ ogún ọdún ni ẹni tí ó nà án. Nígbà tí ó fi di ọdún 1918, tí wọ́n tún pàdé nínú ìdíje ẹgbẹ́ Manhattan Chess Club, Capablanca kò tíì pàdánù ẹyọ kan nínú ìdíje láti ọdún 1916. Ọdún 1924 ni ẹnikẹ́ni tún tó nà án.

Ìtàn tí àwọn aṣẹ́ẹ̀sì máa ń sọ ni pé láti ìgbà ìjákulẹ̀ yẹn ni Marshall ti gbé ohun ìjà tuntun kan pamọ́ de Capablanca, tí kò sì fi han ẹnikẹ́ni fún ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn òpìtàn eré náà kò gba gbogbo ìtàn yìí gbọ́. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni pé Marshall ti yẹ ìbẹ̀rẹ̀ náà wò nílé kí ó tó wá, ojú ọpọ́n sì ni Capablanca ti ní láti wá ìdáhùn sí i.

Bí Ogun Náà Ṣe Lọ

Ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1918 ni wọ́n jókòó. Capablanca ni ó ta funfun. Àwọn ìta méje àkọ́kọ́ gba ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nínú ìbẹ̀rẹ̀ Ruy López. Àwọn méjèèjì ti ọmọ-ogun iwájú ọba wọn sí àárín ọpọ́n. Ẹṣin funfun jáde láti dojú kọ ọmọ-ogun dúdú. Ẹṣin dúdú jáde láti dáàbò bò ó. Bíṣọ́ọ̀bù funfun sì yọ láti dojú kọ ẹṣin tí ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí ó fi di ìta keje, àwọn méjèèjì ti gbé ọba wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ààbò.

Ní ìta kẹjọ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí dúdú fún ọmọ-ogun àárín rẹ̀ ní ẹ̀ṣọ́. Marshall kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti ọmọ-ogun iwájú ayaba rẹ̀ ní ojúlé méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún funfun láti jẹ ọmọ-ogun àárín náà lọ́fẹ̀ẹ́. Capablanca mọ̀ pé ìdẹkùn ni. Nínú àlàyé tí òun fúnra rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà, ó ní òun ronú díẹ̀, òun sì mọ̀ pé gbogbo ọ̀nà tí ìkọlù náà lè gbà ni yóò ti yé ẹni tí ó jókòó ti òun. Ṣùgbọ́n òye òun sọ fún òun pé ipò òun ṣe é dáàbò bò. Ó jẹ ẹ́. Ní ìta kọkànlá, ọmọ-ogun kan ni ó fi ju Marshall lọ, bẹ́ẹ̀ ẹṣin rẹ̀ kan, bíṣọ́ọ̀bù kan àti ilé-ìṣọ́ kan kò tíì kúrò nílé.

Ìkọlù dé. Ní ìta 12, 13 àti 14, bíṣọ́ọ̀bù, ẹṣin àti ayaba dúdú rọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọba funfun ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ní ìta 15, ẹṣin dúdú já wọ inú ọgbà ọba gan-an, ó sì jẹ ọmọ-ogun tí ń ṣọ́nà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Capablanca lè jẹ ẹṣin yìí, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni kò fọwọ́ kàn án. Ní ìta 14, ayaba rẹ̀ ni ó gbé síwájú. Ní ìta 16, ilé-ìṣọ́ rẹ̀ ni ó sún sí ibi tí yóò ti ṣọ́ ọba. Ọ̀pẹ́ ìbá ti gbá ẹṣin náà mú ní kíá, nítorí pé lójú ọ̀pẹ́ ohun tí ó wà nílẹ̀ ni ohun tí ó yẹ ní jíjẹ. Ìbéèrè mìíràn ni Capablanca ń bi ara rẹ̀: kí ni ẹni yìí fẹ́ ṣe tẹ̀lé e, kí sì ni òun ní tí òun lè fi dí i?

Láàárín ìta 18 sí 24, ọba funfun fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò nínú iná, ojúlé kan tẹ̀lé òmíràn, títí tí ó fi dé òdìkejì ọpọ́n. Ayaba àti bíṣọ́ọ̀bù Marshall ti wọ inú ilé ọ̀tá, ṣùgbọ́n wọn kò bá onílé nílé. Láti ìta 28 ni àwọn ọmọ-ogun funfun ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn síwájú ní ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò dá wọn dúró. Ní ìta 36, ó parí. Ẹni tí ó gbọ́ nípa ogun kí ó tó dé ni ogun pa. Ẹni tí ogun ká mọ́ ojú ọpọ́n ni ó ṣẹ́gun.

Ìbẹ̀rẹ̀ Náà Kò Kú

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ènìyàn lè sọ pé ìmúrasílẹ̀ kò wúlò. Àṣìṣe ńlá ni yóò jẹ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwọn aṣẹ́ẹ̀sì padà sí ìta kọkànlá, níbi tí Marshall ti fa ẹṣin rẹ̀ sẹ́yìn láti àárín ọpọ́n. Wọ́n rí i pé kò yẹ kí ẹṣin náà padà sẹ́yìn rárá. Ó sàn kí ọmọ-ogun kékeré kan sún síwájú ní ojúlé kan, kí ó máa ti ẹṣin náà lẹ́yìn níbi tí ó wà. Àtúnṣe kékeré yìí sọ ìbẹ̀rẹ̀ tí ó pàdánù di ọ̀kan nínú àwọn ohun ìjà tí ó lágbára jù lọ fún dúdú. Orúkọ Marshall ni ó ń jẹ́ títí di òní, kì í ṣe orúkọ ẹni tí ó borí. Ní ọdún 1965, nígbà tí Boris Spassky figagbága pẹ̀lú Mikhail Tal ní ìlú Tbilisi láti mọ ẹni tí yóò pe aṣíwájú àgbáyé níjà, ìbẹ̀rẹ̀ yìí wà lára ohun tí Spassky fi dá Tal dúró, òun náà ni ó sì borí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2004 tilẹ̀ yani lẹ́nu jù. Ní ìlú Brissago, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, Vladimir Kramnik ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ń dáàbò bo ipò aṣíwájú àgbáyé rẹ̀ lọ́wọ́ Peter Leko ti ilẹ̀ Hungary. Nínú ìta àyè kẹjọ, ìbẹ̀rẹ̀ Marshall ni ó jáde. Kramnik àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ti fi kọ̀ǹpútà yẹ ọ̀nà náà wò jinlẹ̀jinlẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ ti fọwọ́ sí ni Kramnik gbé wá sójú ọpọ́n. Leko kò ní ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ó jókòó, ó ronú, ó sì rí ìta kan tí ayaba rẹ̀ lè ta, èyí tí ẹ̀rọ kò rí láàárín àkókò tí wọ́n fún un. Ní ìta 32, Kramnik gbà pé òun ti pàdánù. Ó di àyè kẹrìnlá, èyí tí ó kẹ́yìn, kí ó tó rí i borí, tí wọ́n fi parí sí 7 sí 7, tí ipò náà sì fi ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́.

Ọdún 86 ni ó wà láàárín New York àti Brissago. Ìbẹ̀rẹ̀ kan náà ni. Ní ti àkọ́kọ́, ìwé àkọsílẹ̀ àti orí ènìyàn ni wọ́n fi múra. Ní ti èkejì, kọ̀ǹpútà ni. Ní ìgbà méjèèjì, ẹni tí ó gbé ìmúrasílẹ̀ wá láti ilé ni ó pàdánù, ẹni tí ó lo òye lójú ọpọ́n ni ó borí.

Kí Ni Èyí Kan Olùkọ́ Èdè?

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ náà ní ìta kẹjọ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ kíláàsì Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì. Olùkọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ dúró níwájú, ó ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ orúkọ. Ó ti há oríkì rẹ̀: ọ̀rọ̀ orúkọ ni orúkọ ènìyàn, ẹranko, ibìkan tàbí nǹkan. Gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé títí tí ọmọ kan fi nawọ́ sókè: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ‘àìsùn’ ńkọ́? Kì í ṣe ènìyàn, kì í ṣe ẹranko, kì í ṣe ibìkan, kò sì ṣe é fọwọ́ mú.” Olùkọ́ tí àkọ́sórí nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ní kí ọmọ náà jókòó, pé kò sí lára ohun tí wọ́n ń kọ́ lónìí. Ọjọ́ náà ni ọmọ náà yóò mọ̀ pé ìbéèrè kò dára.

Olùkọ́ tí ó ní òye kò nílò kí ó ti rí ìbéèrè yẹn rí. Ó mọ̀ pé ‘sùn’ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ‘àì-’ lè sọ ọ̀rọ̀ ìṣe di ọ̀rọ̀ orúkọ, àti pé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe nínú gbólóhùn ni a fi ń dá a mọ̀. ‘Àìsùn’ lè ṣe olùwà: Àìsùn ló dá a lágara. Ó lè ṣe àbọ̀: Wọ́n ṣe àìsùn òkú náà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, kíláàsì yóò ti máa dá ‘àìlọ’, ‘àìgbọ́n’ àti ‘àìmọ̀kan’ lábàá fúnra wọn.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ònkà Yorùbá rí. Ọmọ tí ó há ònkà láti oókan dé ogójì yóò dúró síbẹ̀ bí wọ́n bá bi í ní 65. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó yé pé márùn-ún ni a yọ kúrò nínú ogún kí ó tó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ó sì mọ orúkọ àwọn ònkà ńlá, yóò fúnra rẹ̀ rí i pé márùndínláàádọ́ta ni 45, pé márùndínláàádọ́rin ni 65, àti pé márùndínlọ́gọ́rin ni 75. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un. Òye ọ̀nà ni ó gbé e débẹ̀.

Capablanca fúnra rẹ̀ di olùkọ́. Ní ọdún 1921, ọdún tí ó gba ipò aṣíwájú àgbáyé, ó tẹ ìwé kan jáde fún àwọn tí ń kọ́ eré náà, Chess Fundamentals ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Ìparí ni ó fi bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọmọ ayò kò ti ju mẹ́ta lọ lórí ọpọ́n, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́kọ́ mọ agbára ilé-ìṣọ́ kan kí ó tó máa há ìta ogún sórí. Ẹ̀kọ́ ńlá nípa ìlànà ìkọ́ni nìyẹn.

Àtakò Tí Ó Lè Wáyé

Ẹnì kan lè bi í pé: ṣé kì í ṣe àkọ́sórí ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ Yorùbá? Ọmọ awo a máa lo ọ̀pọ̀ ọdún láti há ẹsẹ Ifá inú odù 256. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó wá dáfá bá jókòó, kì í ṣe gbogbo ohun tí babaláwo há ni yóò dà sí i lára. Babaláwo yóò kì í títí tí ẹsẹ tí ó bá ọ̀ràn oníbèéèrè mu yóò fi jáde, yóò sì túmọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe kan ẹni náà. Àkọ́sórí ni àká. Òye ni ó mọ ohun tí a ó mú níbẹ̀ fún oúnjẹ òní. Àká tí ó kún tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n sè kò ní kí ebi má pa ará ilé.

Ìgúnlẹ̀

Kò sí ẹni tí ó ń sọ pé kí olùkọ́ má kọ àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ mọ́. Àṣesílẹ̀ ni àbọ̀wábá. Ohun tí ó yẹ ní àtúnṣe ni ọwọ́ tí a fi mú un. Ó yẹ kí alábẹ̀wò tí ó lọ wo olùkọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ bi í ní ìbéèrè kan, ó kéré tán, tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe láti dójú tì í, bí kò ṣe láti mọ̀ bóyá ohun tí ó ń kọ́ni yé òun fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ àgbà tí ń ṣètò ìdánwò fi àyọkà tàbí gbólóhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ kò rí rí sí i, kí ó sì dẹ́kun fífún ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ padà ní máàkì tí ó ju ti ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣàlàyé lọ. Bí ẹ̀kọ́ kan bá sì dàrú mọ́ olùkọ́ tuntun lọ́wọ́, kí ó má jù ú nù. Kí ó padà sí ìta kọkànlá rẹ̀, kí ó wá ibi tí ó ti fa ẹṣin sẹ́yìn láìyẹ.

Ọmọ tí yóò nawọ́ sókè lọ́la kò ní béèrè ohun tí a ti há. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá olùkọ́. Òun ni ó ń dá a mọ̀, láàárín ọ̀ta àti ọ̀pẹ́, ibi tí olùkọ́ náà jókòó sí.